Ìrìnàjò Ọkọ̀ Ojú Irin sí Ìlú Stresa

Ìtàn tí a ó sọ lónìí, orí ọkọ̀ ojú irin ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A ó wọ ọkọ̀ náà ní Milan, ìlú ńlá kan ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì, a ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Stresa, ìlú kékeré kan tí ó wà ní etí adágún omi. Ọ̀nà náà kò jìn. Ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, bíi wákàtí kan sì ni ọkọ̀ tí ó bá yára fi ń rìn ín.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Kí ni ti ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ ti kàn wá?” Ìbéèrè rere ni. Ìpàdé méjì ni ó ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà irin yìí láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ti àkọ́kọ́, ní ọdún 1905, abẹ́ òkè ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sì pàdé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní ọdún 1935, inú ààfin ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn olórí ìjọba ni ó sì pàdé. Ìpàdé kejì yìí kan ilẹ̀ Áfíríkà gidigidi, nígbà tí ó sì yá, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀mí san nínú gbèsè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpàdé méjèèjì, kí a sì fi ọ̀kan wé èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí máàpù Yúróòpù bá wà nítòsí yín, ẹ ṣí i. Ẹ ó rí ilẹ̀ Ítálì tí ó nà wọ inú òkun bí bàtà gígùn. Ní òkè pátápátá, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà wọ bàtà náà, ẹ ó rí òkè Alps tí ó yí i ká bí odi ìlú. Ní ìsàlẹ̀ odi yìí ni àwọn adágún ńláńlá wà. Ọ̀kan nínú wọn ni Maggiore, òun sì ni ó tóbi ṣe èkejì ní gbogbo Ítálì. Ó gùn tó nǹkan bí 65 kìlómítà, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ púpọ̀. Apá òkè rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ Swítsálándì. Stresa wà ní etí rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí a ti gbéra ní Milan jẹ́ ilé ràgàjì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1931. Bí ọkọ̀ ti fi ìlú sílẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a kọ́kọ́ rí, ilé-iṣẹ́ àti oko lọ́tùn-ún lósì. A kọjá Rho, a kọjá Gallarate. Ní Sesto Calende, ọkọ̀ gba orí afárá kọjá odò Ticino, níbi tí odò náà ti ń ṣàn jáde láti inú adágún. Lẹ́yìn èyí a dé Arona. Lórí òkè kan nítòsí Arona, ère ńlá kan dúró tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n sì parí ní ọdún 1698. Ère náà ga ní mítà 23, láìka ibi tí wọ́n gbé e lé, ènìyàn sì lè gba inú rẹ̀ gùn dé orí. Ère Carlo Borromeo ni, ẹni tí wọ́n bí ní Arona ní ọdún 1538, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Milan, tí ìjọ Àgùdà sì sọ di ẹni mímọ́. Ẹ fi orúkọ Borromeo yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Láti Arona lọ, adágún wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, òkè wà lọ́wọ́ òsì. Kò pẹ́ tí a fi dé Stresa. Bí ẹ bá rìn láti ibùdó ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, ẹ ó rí àwọn erékùṣù kéékèèké ní iwájú yín. Ọ̀kan ni ti àwọn apẹja, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é nìyẹn. Èkejì ni Isola Bella. Àpáta lásán ni Isola Bella tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1632, ọmọ ìdílé Borromeo kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin sórí rẹ̀, ó sì fi orúkọ Isabella aya rẹ̀ pe erékùṣù náà. Wọ́n ru iyẹ̀pẹ̀ gba orí omi wá, wọ́n sì to ọgbà òdòdó lé ara wọn bí àkàsọ̀, ìpele mẹ́wàá. Nínú ààfin yìí ni ìpàdé kejì tí mo wí ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó wọ ààfin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí abẹ́ òkè, nítorí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni ó sọ Stresa di ibi tí àwọn olórí ìjọba lè ti pàdé.

Láti ayébáyé, òkè Alps ni ó ya Ítálì nípa kúrò lára ìyókù Yúróòpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn tàbí kí ó gun ìbaaka, bí yìnyín bá sì bo òkè nígbà òtútù, ó di kí onílé gbé ilé. Napoleon, ọ̀gágun Faransé, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà gbòòrò gba orí òkè Simplon kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní ọdún 1800, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1805. Ohun tí Napoleon ń fẹ́ ni kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lè wọ́ àgbá ìbọn kọjá. Ọ̀nà náà gba etí adágún Maggiore, ó sì kọjá ní Stresa. Nígbà tí ogun tán, àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò ni ó kù tí ń gbà á.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ayé, orí òkè ga jù fún un. Bí kò bá lè gba orí, abẹ́ ni yóò gbà. Wọ́n ṣí ihò abẹ́ òkè kan láàárín Faransé àti Ítálì ní ọdún 1871. Wọ́n ṣí òmíràn, ti Gotthard, ní ọdún 1882. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú kọ Simplon. Ní ọdún 1898 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní àkókò kan náà tí wọ́n ń to irin láti Èkó wá sí Ìbàdàn nílé wa níhìn-ín. Ìhà méjì ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti Brig ní Swítsálándì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti Iselle ní Ítálì. Gígùn ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 kìlómítà. Kò sí ihò ọkọ̀ ojú irin tí ó gùn tó o ní gbogbo ayé nígbà náà, kò sì sí èyí tí ó gùn jù ú lọ títí di ọdún 1982.

Ẹ gbìyànjú láti fojú inú wo iṣẹ́ náà. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Alfred Brandt, ti ṣe ẹ̀rọ kan tí agbára omi ń yí, tí ń lu àpáta. Bí ẹ̀rọ bá ti lu ihò tán, wọn a fi dínámáìtì sí i, wọn a sá sẹ́yìn, àpáta a sì fọ́. Lẹ́yìn náà wọn a kó òkúta jáde, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Brandt kò rí òpin iṣẹ́ náà, nítorí ó kú ní ọdún 1899. Bí wọ́n ti ń wọlé lọ, ooru ń pọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí àpáta fi gbóná dé ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan irú àpáta bẹ́ẹ̀ yóò yára fà á kúrò. Omi tútù ni wọ́n ń fọ́n sí i kí ènìyàn tó lè dúró níbẹ̀. Ní ìhà Ítálì, omi ya lù wọ́n láti inú àpáta. Ní ìhà Swítsálándì, omi gbígbóná ni ó tú jáde, ó sì dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1904. Àwọn ti ìhà Ítálì ni ó wá gbẹ́ ìyókù. Ọmọ Ítálì ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, tálákà ni wọ́n, àwọn tí ó sì kú nínú jàǹbá níbi iṣẹ́ náà lé ní 60.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ọmọ tí ó gbọ́n béèrè. Bí àwọn kan bá ń gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ láti ìhín, tí àwọn kan ń gbẹ́ bọ̀ láti ọ̀hún, tí wọn kò rí ara wọn, tí òkè ńlá sì wà láàárín wọn, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣi ara wọn kọjá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn awọnlẹ̀ ti gun àwọn orí òkè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi awò wo orí òkè kan láti orí òkè kejì, wọ́n wọn igun, wọ́n ṣírò, wọ́n sì tún un ṣírò. Bí iṣẹ́ ti ń lọ, wọn kò yé wọn ibi tí wọ́n dé, ìhà kìn-ín-ní kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún ìhà kejì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1905, ìhà méjèèjì pàdé ní abẹ́ òkè. Nígbà tí wọ́n wọn bí ihò kan ti yà kúrò lójú èkejì tó, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan! Nínú ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 kìlómítà, nínú òkùnkùn biribiri, àṣìṣe wọn kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìpàdé àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1906, Ọba Vittorio Emanuele Kẹta ti Ítálì àti ààrẹ Swítsálándì ṣí ọ̀nà náà, Milan sì ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní ọdún náà láti fi yọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iná mànàmáná ti ń fa ọkọ̀ nínú ihò náà, kí èéfín má baà pa àwọn èrò. Stresa, tí ó ti jẹ́ ìlú apẹja tí àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ ń wá sinmi sí, wá di ojú ọ̀nà àgbáyé. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ní Paris lè sùn, kí ó sì jí sí etí adágún. Láti ọdún 1919, ọkọ̀ olókìkí kan tí ń ti Paris lọ sí Istanbul bẹ̀rẹ̀ sí gba ihò Simplon. Ilé ìtura ńláńlá sì wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn, nígbà tí ọ̀rọ̀ Yúróòpù dàrú, láti sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a pàdé ní Stresa.”

Ọ̀rọ̀ náà dàrú lóòótọ́. Hitler ti gba ìjọba ní Jámánì láti ọdún 1933. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1935, ó kéde pé òun yóò máa fi dandan kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, bẹ́ẹ̀ àdéhùn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní ti ka èyí léèwọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn aládùúgbò rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ìjọba mẹ́ta pàdé nínú ààfin Borromeo ní Isola Bella. Ramsay MacDonald àti John Simon wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Flandin àti Laval wá láti Faransé. Mussolini, tí ó ń ṣe olórí Ítálì, ni ó gbà wọ́n lálejò. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò fi gbogbo ọ̀nà tí ó bá ṣeé ṣe tako ẹnikẹ́ni tí ó bá dá àdéhùn tì, tí ìyẹn sì lè ba àlàáfíà Yúróòpù jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn náà gbọ́: àlàáfíà Yúróòpù. Àwọn òpìtàn sọ pé Mussolini fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n fi orúkọ Yúróòpù kún un. Kí ló dé? Ní àkókò yẹn gan-an, ó ń kó ọmọ-ogun àti ohun ìjà gba ọ̀nà omi Suez lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ Etiópíà, tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Abisíníà, ni ojú rẹ̀ wà lára. Etiópíà ti ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa ní ọdún 1896, Mussolini sì fẹ́ gbẹ̀san. Ní oṣù kejìlá ọdún 1934, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Walwal láàárín ọmọ-ogun méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kú. Etiópíà kò dákẹ́. Láti ọdún 1923 ni ó ti wà nínú Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ó sì ti ké gbàjarè lọ síbẹ̀, sí Geneva. Ẹ wo máàpù yín: ọ̀nà irin kan náà tí ó gba Stresa, tí ó gba abẹ́ Simplon, òun náà ni ó lọ sí Geneva. Igbe náà kò jìnnà sí etí wọn rárá.

Àwọn tí ó jókòó ní Isola Bella mọ ọ̀rọ̀ yìí. Simon mọ̀ ọ́n, Laval mọ̀ ọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ wọn tilẹ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé gan-an, àwọn olórí kò mẹ́nu kàn án. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bá Mussolini wí, yóò fi àwọn sílẹ̀ lọ bá Hitler. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ “àlàáfíà Yúróòpù,” tí wọn kò sì béèrè pé ti Áfíríkà ńkọ́, Mussolini gbà pé wọ́n ti fún òun láyè. Àwọn baba wa sọ pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Hẹ̀rẹ̀huru náà kò pẹ́ dé. Ní oṣù kẹfà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì ṣe àdéhùn lórí ọkọ̀ ogun ojú omi láìfi ti Faransé àti Ítálì ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ọmọ-ogun Ítálì wọ Etiópíà. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù, wọ́n sì tú oró olóoru sórí ènìyàn tí kò ní ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ìjìyà díẹ̀ jẹ Ítálì nínú òwò, ṣùgbọ́n wọn kò fi epo rọ̀bì kún ohun tí wọ́n kò gbọ́dọ̀ tà fún un, wọn kò sì sé ọ̀nà Suez. Ní Èkó, àwọn ènìyàn péjọ, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, wọ́n sì bínú gidigidi. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1936, Addis Ababa bọ́ sọ́wọ́ Ítálì. Ní òpin oṣù kẹfà, Ọba Haile Selassie dúró ní Geneva, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Kí ọdún náà tó parí, Mussolini ti di ọ̀rẹ́ Hitler. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dákẹ́ ní Stresa, kí ó má baà ṣẹlẹ̀, òun náà ni ó ṣẹlẹ̀.

Ta ni ó san gbèsè náà? Àwọn ará Etiópíà ni ó kọ́kọ́ san án. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì, ọmọ-ogun Nàìjíríà náà bá wọn san níbẹ̀. Àwọn ni ó wọ Mogadishu ní oṣù kejì. Láti ibẹ̀ wọ́n rin ọ̀nà tí ó lé ní 1,000 kìlómítà gba inú aṣálẹ̀ dé Jijiga, wọ́n sì jà ní ọ̀nà àárín òkè Marda kí wọ́n tó wọ Harar. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, tí ó pé ọdún márùn-ún gééré tí wọ́n ti gba ìlú rẹ̀, Haile Selassie padà wọ Addis Ababa. Àwọn ọmọ wa kan kò padà wálé.

Ihò Simplon náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ogun yẹn lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ará Jámánì ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù ohun ìbúgbàù jọ sí Varzo, nítòsí ẹnu ihò, láti fi bà á jẹ́. Àwọn ọmọ Ítálì tí ń bá wọn jà nínú igbó lọ síbẹ̀ lóru, wọ́n sì dáná sun ún. Nítorí náà ni ọkọ̀ fi ń gba ibẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ ti rí ìpàdé méjèèjì. Àwọn tálákà tí wọ́n wà nínú òkùnkùn pàdé, nítorí pé àwọn tí ń darí iṣẹ́ wọn wọn ohun gbogbo, wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n dé fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Àwọn alágbára tí wọ́n jókòó nínú ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n jọ jẹun, tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé, ṣi ara wọn kọjá, nítorí pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàárín orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín ìdílé, àti nínú ẹgbẹ́, àti ní àárín ọ̀rẹ́ méjì. Nígbà tí ẹ bá pàdé láti parí ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà yóò dé ilé rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì dé Stresa lọ́jọ́ kan, ẹ bá wa wo òdòdó Isola Bella, ẹ bá wa jẹ ẹja adágún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Etiópíà níbẹ̀, nítorí àwọn tí ó pàdé níbẹ̀ ní ọdún 1935 kò rántí rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.